Ọwọ́ Tí Ó Ń Mú Kálàmù, Ó Lè Mú Sípánà

Ní oṣù keje ọdún 2022, nígbà tí àwa olùkọ́ Yunifásítì wà lẹ́nu ìdaṣẹ́sílẹ̀ tí ó gba oṣù mẹ́jọ gbáko, akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan rí mi ní òpópó kékeré kan tí ó yà kúrò ní títì Adéníji Adélé ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Orí kéréètì míníírà tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ ni mo jókòó sí. Òróró dúdú ti kun ọwọ́ mi méjèèjì dé ìgbọ̀nwọ́, fíríìjì àlòkù kan sì nà gbalaja níwájú mi bí màlúù tí alápatà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dùbúlẹ̀. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ kí mi. Ó wò mí, ó wo fíríìjì, omi sì lé ròrò sí i lójú. Kí n tó lanu sọ̀rọ̀, ó ti fi ₦5,000 sí mi lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ má bínú, sà, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ó pẹ́," ó sì sáré wọ dáńfó lọ. Ọ̀gá mi, ẹni tí ó ni ṣọ́ọ̀bù, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Dókítà, owó iṣẹ́ yín àkọ́kọ́ nìyẹn."

Èmi kò bínú sí ọmọ náà rárá. Inú rere ni ó fi ṣe é. Ẹni tí mo bá wíjọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi kan lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó mọ̀wé dáadáa, tí ó pè mí sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí a wọlé padà, tí ó ní mo ń kó ìtìjú bá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa. Ó ní, "Wọ́n ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé Yorùbá kì í ṣe ẹ̀kọ́ gidi. Ìwọ wá gba oyè ọ̀mọ̀wé tán, o lọ ń tún fíríìjì ṣe ní ìgboro." Ẹ kíyè sí i, òun fúnra rẹ̀ a máa lọ gbá gọ́ọ̀fù ní àràárọ̀ Sátidé. Bí ó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀lù kékeré ni mo ń fi igi lé kiri inú koríko, ìyẹn kò ní kó ìtìjú bá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kankan. Nítorí ọ̀rọ̀ tí ó sọ yẹn ni mo ṣe ń kọ àròkọ yìí, nítorí ó dá mi lójú pé òun nìkan kọ́ ni ó rò bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Owó Údójì ni bàbá mi fi ra fíríìjì kan ní ọdún 1975. Àwọn tí ojú wọn ti là nígbà náà yóò rántí bí ìjọba ṣe fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, tí ó sì san ti ẹ̀yìn lódindi, tí rẹ́díò, kẹ̀kẹ́, fáànù àti fíríìjì fi ń wọ agboolé wa ní Ìdúmàgbò lọ́tùn-ún lósì. Ìyá mi sọ fíríìjì tirẹ̀ di ìsọ̀. Omi tútù ni ó ń tà fún àwọn tí ń ti ọjà Jańkárà bọ̀, yìnyín ni ó ń tà fún àwọn tí ń ṣe ìnáwó. Omi tútù yẹn wà nínú owó ilé-ìwé mi. Nígbà tí ó yá, fíríìjì dákẹ́. Ìyá mi kò jù ú nù. Ó sọ ọ́ di àpótí. Gààrí wà nínú rẹ̀, aṣọ òkè wà nínú rẹ̀, ìwé tí ó ń kọ orúkọ àwọn ajigbèsè sí wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ó kú ní ọdún 2018, tí a ń pín ẹrù rẹ̀, kò sí ẹni tí ó fẹ́ fíríìjì. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a pe àwọn tí ń ra irin àlòkù. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi.

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá tí mo ń wí yìí. Ó kàn án lẹ́ẹ̀mejì, ó fetí sí i, ó ní, "Dókítà, ṣé ẹ fẹ́ kí fíríìjì yìí ṣiṣẹ́ ni, àbí ẹ fẹ́ mọ ohun tí ó pa á?" Mo ní mo fẹ́ mọ ohun tí ó pa á. Ó ní tí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n máa bọ̀ ní ọjọ́ Sátidé, kí n má sì wọ aṣọ funfun. Bí mo ṣe di ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ní ẹni àádọ́ta ọdún nìyẹn. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan fíríìjì ìyá mi fún odidi ọdún kan. Òkú mẹ́ta mìíràn tí àwọn oníbàárà ti kọ̀ sílẹ̀ ni ó fi síwájú mi pé kí n máa tú, kí n máa tò. Ó ní fíríìjì àtijọ́ ni ìwé tí ó dára jù fún ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀, nítorí páìpù rẹ̀ hàn ní ẹ̀yìn, ìdè rẹ̀ ṣeé tú, ẹni tí ó bá sì bà á jẹ́ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ti òde òní, inú ògiri ni wọ́n ń fi páìpù tirẹ̀ pamọ́ sí, bí ẹni tí ó ń tijú ìfun ara rẹ̀.

Kí ni mo kọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́? Mo kọ́ pé otútù kò sí. Ẹ má ṣe rò pé àwàdà ni. Ọ̀gá mi ní, "Ooru ni ó wà láyé. Ibi tí ooru bá ti kúrò ni ẹ ń sọ pé ó tutù. Fíríìjì kì í gbé otútù wọlé, ooru ni ó ń gbé jáde." Ó bi mí bóyá mo rántí àmù ìyá mi àgbà. Ta ni kò rántí? Ìkòkò amọ̀ tí a gbé sórí yanrìn ní igun ilé, tí ara rẹ̀ máa ń tutù rinrin, tí omi inú rẹ̀ sì dùn mu ju ti ẹ̀rọ lọ. Ó ní omi tí ó ń yọ ní ara àmù yẹn ń di afẹ́fẹ́, kò sì lè di afẹ́fẹ́ láìmú ooru dání. Inú ìkòkò ni ó ti ń mú un. Ohun kan náà ni ó mú kí ara wa tutù nígbà tí nọ́ọ̀sì bá fi sípíríìtì nù ún kí ó tó gún wa ní abẹ́rẹ́. Fíríìjì ṣe èyí pẹ̀lú gáàsì tí a dè mọ́nú páìpù. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yóò tẹ gáàsì náà mọ́ra, gáàsì yóò gbóná, yóò lọ tú ooru rẹ̀ sílẹ̀ nínú páìpù dúdú tí ó wà ní ẹ̀yìn, yóò di olómi, yóò gba inú páìpù tín-ín-rín kan tí kò ju abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ kọjá, yóò sì jáde sí ibi gbàyawu nínú fíríìjì. Ibẹ̀ ni yóò ti hó, tí yóò di afẹ́fẹ́ padà, tí yóò sì kó ooru ẹran àti omi wa lọ. Lẹ́yìn náà, ó di ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìwé fíṣíìsì tí mo kà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama sọ nǹkan wọ̀nyí fún mi ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mo há a sórí, mo yege, mo gbàgbé. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni ó tó yé mi, ní èdè tí mo fi ń ké pe ìyá mi.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ àìsàn ẹ̀rọ ni ó jẹ́ ohun ìyanu fún èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ èdè. Ìṣe márùn-ún ni ọmọ ìkọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀: ó jò, ó dí, ó gan, ó jó, ó rẹ̀. Bí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ tí ó gbóná, ṣùgbọ́n tí páìpù ẹ̀yìn tutù nígbà tí a bá fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án, gáàsì ti jò. A ó po ọṣẹ kí ó hó, a ó fi pa ìdàpọ̀ páìpù, ibi tí ó bá ti ń yọ bí ojú ẹja ni ihò wà. Bí ó bá tutù fún ìgbà díẹ̀ tí ó dákẹ́, tí a pa á tí a tún tàn án tí ó tún tutù, ó dí: omi ni ó wọ inú gáàsì, tí ó ń di yìnyín ní ẹnu páìpù tín-ín-rín. Bí ó bá kùn fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi lè ka ení dé ẹẹ́wàá, tí ó dún "kẹ́", tí ó sì panu mọ́, ó ti gan. Bí òróró rẹ̀ bá ń rùn bí ohun tí a sun, ó ti jó. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru tí omi kò sì dì, ó ti rẹ̀ ẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú márùn-ún yìí tí a lè fi èkejì rọ́pò. Ọmọ tí ó bá sọ pé ó dí nígbà tí ó jò yóò náwó ọ̀gá rẹ̀ lásán, yóò sì gbọ́ ohun tí etí rẹ̀ kò fẹ́.

Nígbà tí mo gbọ́ èyí, ojú tì mí. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Èmi náà ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ohun ìgbàlódé. A jókòó sínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, a jẹ ìrẹsì, a jiyàn lórí ẹ̀rọ amóhun-tutù àti ẹ̀rọ amómi-dì, a sì fi "ẹ̀rọ afúnpọ̀" sọrí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tí ó dá a lábàá pé kí a lọ bi àwọn tí ń fi ọwọ́ kàn án ní ojoojúmọ́. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni a ń ṣọdẹ rẹ̀ kiri, nígbà tí ó jẹ́ pé inú ọ̀rọ̀-ìṣe ni ìmọ̀ náà wà. Àwọn oníṣẹ́ yá orúkọ, wọn kò sì tijú: kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, tẹ́mọ́sítáàtì, gáàsì. Kí ni ó burú níbẹ̀? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, láti inú Látìn àti Gíríìkì ni wọ́n ti fa àwọn orúkọ wọ̀nyẹn yọ. Ọkùnrin ará ilẹ̀ Flanders kan, Jan Baptist van Helmont, ni ó sì jókòó tí ó hun "gas" láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ẹni tí ó bá ní ṣọ́ọ̀bù àwọn oníṣẹ́ ń ba Yorùbá jẹ́, etí rẹ̀ kò ju ibi orúkọ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ti èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Kí ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìlànà náà tó parí kíláàsì kẹrin, wọ́n fagi lé e ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Wọ́n ní ibi tí a ti ń fi èdè abínibí kọ́ni ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò. Mo fẹ́ bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: níbo ni a ti fi èdè abínibí kọ́ni tọkàntọkàn, pẹ̀lú ìwé tí ó péye àti olùkọ́ tí a kọ́? Èmi mọ ibì kan. Ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan inú ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Fáfúnwá tí mo dárúkọ yìí, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni. Ibẹ̀ ni a bí i sí ní ọdún 1923. Ibì kejì tí mo mọ̀ kò jìnnà sí ibẹ̀: ṣọ́ọ̀bù kan tí kò ní pátákó orúkọ, níbi tí ọmọ ọdún méjìdínlógún kan tí kò yege nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá ti ṣàlàyé fún ọ̀mọ̀wé, láìwo ìwé, ìdí tí omi fi ń hó nínú otútù.

Níbo ni a ti kọ́ ẹ̀gàn yìí? Orin kan wà tí gbogbo wa kọ ní jẹ́léósinmi, tí ó fi ró bàtà ọmọ tí ó kàwé wé ti ọmọ tí kò kàwé. Bàtà ni a fi tàn wá. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wa pé ẹni tí ó rán bàtà náà, oníṣẹ́ ọwọ́ ni. Erékùṣù Èkó ni ó sì yẹ kí ó kọ́kọ́ kọ orin yẹn sílẹ̀. Àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà, kọ́lékọ́lé àti gbẹ́nàgbẹ́nà ni púpọ̀ nínú wọn. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú wọn, ni ó kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní ọdún 1894, tí ó wà níbẹ̀ di òní. Àwọn Sàró ní tiwọn fẹ́ràn iṣẹ́ akọ̀wé, lọ́yà àti olùkọ́. Èmi kò ní kí a fi ọ̀kan bú èkejì. Mo kàn ń sọ pé nígbà tí òyìnbó pín ipò, akọ̀wé ni ó fi sókè, a sì gbà á bẹ́ẹ̀, a kò sì yí i padà nígbà tí òyìnbó lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa kò gbé ayé bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ ni ọkùnrin, ó sì lè máa hun aṣọ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Babaláwo lè máa gbẹ́ igi. Ọdẹ lè máa hun agbọ̀n. Iṣẹ́ àfipawọ́ ni wọ́n ń pè é, kò sì sí ẹni tí ó bi wọ́n bóyá àkọ́kọ́ kò mówó wọlé ni. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ àpẹẹrẹ láti ilẹ̀ òyìnbó kí ó tó gbà, kí ó gbọ́ èyí. Ní ọdún 1930 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún Albert Einstein àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Leo Szilard ní ìwé àṣẹ lórí fíríìjì kan tí wọ́n ṣẹ̀dá. Einstein ti gba ẹ̀bùn Nobel ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ ṣáájú. Nínú ìwé ìròyìn ni ó ti kà nípa ìdílé kan ní Berlin tí gáàsì olóró jò láti inú fíríìjì wọn lóru, tí wọ́n kú mọ́ ojú oorun. Ó dùn ún, ó sì jókòó ti páìpù àti gáàsì fún ọdún mélòó kan. N kò tíì gbọ́ pé ẹ̀ka fíṣíìsì kankan ní òun ti tìjú nítorí rẹ̀.

Bí mo bá dákẹ́ síbí, ẹni tí ó bá kàwé yìí lè rò pé àwọn oníṣẹ́ kò ní àléébù. Wọ́n ní. Àwọn ọ̀gá kan a máa fi ẹ̀kọ́ pamọ́ fún ọmọ títí di ọjọ́ ìyọ̀nda, wọ́n a máa lo ọmọ bí ẹrú. Èyí tí ó ká mi lára jù ni ti gáàsì.

Ní Sátidé kan ní ọdún 2020, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan fi páláyà gé páìpù fíríìjì àtijọ́ kan. Gáàsì sọ "ṣììì" títí ó fi tán, ó gba ojú ọ̀run lọ. R12 ni. Àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n mú irú gáàsì yìí jáde ní ìparí àwọn ọdún 1920 láti rọ́pò àwọn gáàsì olóró bí èyí tí ó pa ìdílé Berlin wọ̀nyẹn. Kì í pa ènìyàn, kì í gbiná. Gbogbo ayé yọ̀. Ní ọdún 1974 ni Mario Molina àti Sherwood Rowland kọ ọ́ jáde pé ó ń gòkè lọ jẹ ìpele ósóònù tí ó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tí ń ṣe ara ní jàǹbá. Wọ́n gba Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 1995. Àdéhùn Montreal ti wáyé ní ọdún 1987, ó sì fún àwọn orílẹ̀-èdè bí tiwa di ọdún 2010 láti fi òpin sí ṣíṣe R12 àti rírà á. Yàtọ̀ sí ti ósóònù, kílò kan rẹ̀ lè mú ayé gbóná tó kílò bí 10,900 ti afẹ́fẹ́ tí ń jáde lẹ́nu ẹ̀ńjìnnì mọ́tò wa, bí a bá ṣírò rẹ̀ fún 100 ọdún. Gbogbo èyí ni mo rò fún ọ̀gá mi, pẹ̀lú ìgbéraga ẹni tí ó rí ohun kan tí òun mọ̀ tí ọ̀gá kò mọ̀.

Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi parí. Ó ní, "Dókítà, láti ìgbà wo ni ẹ ti mọ èyí?" Mo ní láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Ó ní, "Ta ni ẹ sọ fún?"

N kò ní èsì. Ta ni mo sọ fún? Ọgbọ̀n ọdún ni èmi àti irú mi fi mọ̀ ọ́n nínú ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì, ọgbọ̀n ọdún ni ọkùnrin yìí àti irú rẹ̀ fi ń tú u sí ojú ọ̀run, òpópó kan náà ni a sì jọ ń gbà kọjá lọ kí Ọba ní Ìga Ìdúngànrán ní ọjọ́ ọdún. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n tí ń gbá gọ́ọ̀fù fi bí mi nínú. Kì í ṣe èmi ni ìtìjú, àlàfo tí ó wà láàárín wa ni ìtìjú.

Mo jókòó, mo kọ ojú ìwé méjì ní Yorùbá nípa oríṣi gáàsì. Mo kọ ọ́ pé R12 àti R134a kì í lo òróró kan náà, pé ẹni tí ó bá da R134a sínú ẹ̀rọ R12 láìpààrọ̀ òróró, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ yóò gan nígbà tí ó bá yá. Mo kọ ọ́ pé R600a tí ó wà nínú fíríìjì tuntun kì í ba ósóònù jẹ́, ṣùgbọ́n ó ń gbiná, nítorí náà a kò gbọ́dọ̀ gbé iná ìjórin súnmọ́ ọn. Àwọn ọmọ náà kà á. Àkọ́kọ́ nínú wọn bi mí pé, "Bàbá, kí ni ẹ̀rọ afúnpọ̀?" Mo mú kálàmù, mo fa igi lé e, mo kọ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Ọ̀gá wo ibi òróró lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun ti rí i púpọ̀ tí ẹ̀rọ àtijọ́ ń gan lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tí òun ń dá NEPA lẹ́bi.

N kò ní parọ́ pé gbogbo rẹ̀ ti dára. Ẹ̀rọ tí a fi ń fa gáàsì pamọ́ wọ́n ju owó oṣù mi lọ, ṣọ́ọ̀bù kò sì ní in. Ìjọba ti ka fíríìjì àti kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ àlòkù mọ́ ọjà tí a kò gbọ́dọ̀ kó wọ ìlú, bí Ghana náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lé e padà ní ẹnu ibodè láti ọdún 2013. Síbẹ̀ Tòkunbọ̀ kò wọ́n ní Èkó, ẹni tí ó bá sì sọ pé òun kò mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé, ojú rẹ̀ ni ó dì. Nígbà tí a bá gbé irú rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù, ẹni tí yóò tú u gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ta ni yóò sọ fún un, ní èdè wo?

Àwọn kan lè ní ìgbafẹ́ ẹni tí ó ní owó oṣù ni èyí, pé mo ń gba oúnjẹ lẹ́nu oníṣẹ́. Ọ̀gá mi fúnra rẹ̀ dá wọn lóhùn ní ọjọ́ kan tí oníbàárà kan ń bẹ̀ mí kí n bá òun wo fìríísà nílé. Ó ní, "Dókítà kì í gba iṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì gba ìyọ̀nda ni." Òótọ́ ni. N kò tíì gbà á títí di òní, n kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, yàtọ̀ sí ₦5,000 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, tí a fi ra asẹ́ gáàsì.

Fíríìjì ìyá mi jí ní oṣù kejì ọdún tí ó kọjá. A da òróró rẹ̀ nù, ó dúdú bí ọ̀dà. A fi tuntun sí i, a pààrọ̀ asẹ́ rẹ̀, a fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde fún wákàtí méjì, a fi gáàsì mìíràn sí i. Omi dì nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Lọ́jọ́ kejìlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, ó ń dákẹ́, ó tún ń tutù. Mo pe ọ̀gá lórí fóònù, mo ní, "Ọ̀gá, ó dí." Ó ní ṣé ó dá mi lójú pé kò jò? Mo ní ó dá mi lójú. Iṣẹ́ Yunifásítì kò tètè jẹ́ kí n ráyè, ṣùgbọ́n ó ti padà sí ṣọ́ọ̀bù báyìí. Ní Sátidé tí ń bọ̀, bí iná bá wà, èmi ni n ó gé páìpù tín-ín-rín náà tí n ó sì jó tuntun mọ́ ọn. Ọ̀gá ti sọ pé òun kò ní fọwọ́ kàn án.